Ta Ló Ń Pè Ní Ojú-Ìjà?

Ọjọ́ tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá iwin dé sí Agboyi, ẹ̀rù ń ba gbogbo etídò pé wọ́n máa rí nǹkan. Ẹ̀rù tèmi yàtọ̀. Ó ń bà mí pé wọn ò ní rí nǹkan kan.

Adédiwúrà ni mí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo fi ń jẹun, láti etídò Kétu sí Agboyi, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn èrò mìíràn á wọlé jókòó tán, wọ́n á máa bi mí pé ṣé obìnrin náà ń wa irú èyí, èmi náà á ní kí wọ́n bọ́ sómi kí wọ́n máa wẹ̀ lọ sílé bí ọkùnrin. Bàbá mi ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ṣágámù ló ti kó wa wá síbí, ó sì kú, ó ku èmi, Màmá àti àbúrò mi, Kọ́ládé. Màmá ń yan ẹja àrọ̀ létí omi. Kọ́ládé ń wa yanrìn: á bẹ́ sódò tòun ti garawa, á bu yanrìn nísàlẹ̀, á gbé e jáde, á dà á sínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí ọkọ̀ á fi kún.

Kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó máa kọjá Ojú-Ìjà. Ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni, koríko ibẹ̀ ga ju èèyàn lọ. Àwọn àgbà ní nígbà ogun ayé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun kan gba òkè odò wá láti kó ìlú lẹ́rú. Àwọn ará ibí ti ba dè wọ́n nínú koríko, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀ bí ẹní pa eṣú. Ẹrọ̀fọ̀ gbé wọn mì, ẹnikẹ́ni ò sin wọ́n. Láti ìgbà náà, bí ọ̀sán bá ti pọ́n gangan, wọ́n á máa pe orúkọ èèyàn pé kó wá fa àwọn jáde. Ẹni tó bá dáhùn, òun ni wọ́n máa fà wọlé. Wọ́n sì máa ń yá ohùn ẹni tí o mọ̀ lò, kí o má baà fura. Kí ọmọ etídò wa tó mọ a, b, d, wọ́n ti kọ́ ọ pé: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ ní Ojú-Ìjà, di ẹnu rẹ, má wẹ̀yìn, máa lọ.

Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ nǹkan níbẹ̀ rí. Èmi ti gbọ́ tí wọ́n pe “Alhaji” níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò sì bi ara mi léèrè ibi tí òkú ogun ayé àtijọ́ ti mọ Alhaji. Ohun tí èèyàn bá ti mu mọ́ ọmú, kì í bèèrè nǹkan nípa rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún méjì sẹ́yìn, odò kún àkúnya. Àwọn awayanrìn yòókù ní àwọn ò lọ, Kọ́ládé ní òun máa lọ. Olóríkunkun ni, inú kan náà la ti jáde. Rahmon, ọ̀gá wọn, kìlọ̀ fún un títí, ó sọ̀rètí nù, ó bá ọ̀nà Mile 12 lọ ra epo. Kọ́ládé nìkan ló wà ní Kọ́nà lọ́jọ́ náà. Kọ́nà ni àwọn awayanrìn ń pe ibi tí odò ti ṣẹ́rí, ó jìnnà díẹ̀ sí Ojú-Ìjà, èèyàn ò lè rí i láti ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń bọ̀ láti Kétu, èmi nìkan. Mo dé Ojú-Ìjà, ewéko wé mọ́ ẹ́ńjìnì mi, ó kú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fi ọ̀bẹ gé e. Ibẹ̀ ni mo wà tí ohùn kan fi jáde láti inú koríko:

“Diwúrà!”

Mo gbé orí sókè, n ò rí ẹnì kankan. Ó tún pè: “Diwúrà o!” Ohùn Kọ́ládé ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí ara mi fi bù máṣọ, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ mi nípa ohùn yíyá ni mo kọ́kọ́ rántí. Mo fa okùn ẹ́ńjìnì bí ẹni tí iná ń jó, ó gbà, mo sì sá.

Mo bá Màmá nídìí ẹja. Mo ní, “Màmá, wọ́n pè mí ní Ojú-Ìjà. Wọ́n fi ohùn Kọ́ládé pè mí.”

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Ṣé o dáhùn?”

“Rárá.”

“O ṣe é re,” ni Màmá wí. “O ṣe é re, ọmọ mi. Lọ sùn sílé.” Mo wọlé lọ, mo fi aṣọ borí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Rahmon dé tó rí i pé ọkọ̀ Kọ́ládé ti rì sí Kọ́nà tòun ti yanrìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òun fúnra rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀wù so ara rẹ̀ mọ́ èèkàn kan láàárín omi. Ẹni tó ti kú kì í so ara rẹ̀ mọ́ nǹkan, gbogbo wa mọ ìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni ìgbà tí ọkọ̀ rì àti bó ṣe pẹ́ tó lórí èèkàn yẹn. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ló ti kú, òkú ogun ló pè mí lọ́sàn-án, mo sì ṣe é re lóòótọ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àbúrò mi pè mí kí n wá gbà á, mo sì tan ẹ́ńjìnì, mo sá lọ. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yí lórí ẹní. N ò sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba iṣẹ́ náà nígbà tí Oyèṣọlá, ọ̀gá àwọn tó ń wá iwin náà, wá pé òun ń wá ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé òun káàkiri. Ifákọ̀ ló ti wá. Ó ní ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó fi ń wádìí fínnífínní nípa àwọn ibi tí wọ́n bá ní iwin wà. Kì í ṣe èèyàn burúkú, àfi pé ó wọ bàtà òjò dé orúnkún nínú oòrùn, ó sì ń làágùn bí ìṣasùn tó ń hó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Loveth ló bá a wá. Òun ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀.

“Aunty, alẹ́ la máa ṣe é,” ni Oyèṣọlá wí. “Mo ní kámẹ́rà tó ń ríran nínú òkùnkùn.”

Màmá rẹ́rìn-ín. “Tiyín ló ń jáde lálẹ́. Tiwa, ọ̀sán gangan ni. Ẹ lọ gbé fìlà wá.”

Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, wọ́n ní kí Màmá sọ ìtàn Ojú-Ìjà níwájú kámẹ́rà. Ó sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ṣe gbọ́ ọ rí lọ. Ó ní èèyàn á máa gbọ́ ìró ìbọn, á máa rí omi tó pọ́n. Èmi tí mo dàgbà síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ti omi pípọ́n nìyẹn. Mo rò pé kámẹ́rà ló ń dùn mọ́ ọn, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, mo pa ẹ́ńjìnì sí Ojú-Ìjà. Àwa mẹ́ta jókòó láìfọhùn. Oòrùn ń jó wa, ẹ̀fọn ń jẹ wá. Nígbà tó di bí agogo méjìlá ààbọ̀, ohùn ọkùnrin kan jáde látinú koríko, ketekete:

“Súmbọ̀! Súmbọ̀ o!”

Loveth di etí ọkọ̀ mú. “Jesus! Ọ̀gá, I no like this thing o.” Oyèṣọlá ń nawọ́ sí ẹ̀rọ. Èmi, ẹkún ló gbọ̀n mí, ẹkún ayọ̀. Iwin wà! Ó wà, gbogbo ayé á sì gbọ́ ọ.

“Aunty, ẹ ń sunkún?” ni Oyèṣọlá bèèrè.

“Èéfín ló kó sí mi lójú.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí èéfín kankan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jẹ abọ́ ẹ̀bà méjì, mo sì sùn di àárọ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé wọ́n ti gbọ́ ohùn òkú, ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó ní, “Olúwa, o ṣeun.” Mo rò pé nítorí mi ni.

Loveth ló ba nǹkan jẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn: iwin tó ń pe Súmbọ̀, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ Súmbọ̀? Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n gbé òun yí odò ká, ó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ igi níbi mẹ́rin, ọ̀kan ní Ojú-Ìjà, ọ̀kan ní Kọ́nà, méjì láàárín. Ó mú kí aago gbogbo wọn bára mu. Nígbà tí ọ̀sán kọjá, a kó wọn, a jókòó sí àtíbàbà kan létídò láti gbọ́ wọn.

Ti Ojú-Ìjà sọ ohun tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀: “Súmbọ̀ o!” Loveth wo àkókò tó pè é, ó wá fi ti Kọ́nà sí i. Ní àkókò kan náà gẹ́lẹ́, ohùn kan náà bú jáde, ó lágbára, ó sún mọ́ wa. Kò sì dúró níbẹ̀. Ó ní: “Súmbọ̀ o! Fi pọ̀nmọ́ méjì sí tèmi! Èyí tó nípọn o, má fún mi ní pélébé!” Ohùn obìnrin kan dáhùn pé, “Mò ń bọ̀ jàre, alájẹkì!”

Rahmon ni. Súmbọ̀ ni obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kékeré kiri oúnjẹ fún àwọn awayanrìn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń jáde nínú omi láti jẹun, ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń pe ara wọn. Kí wọ́n tó dé, àwọn apẹja ló ń ná ibẹ̀, àwọn náà ní ẹnu.

Oyèṣọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Pọ̀nmọ́! Òkú ogun ń jẹ pọ̀nmọ́!” Ó ṣe mí bíi kí n tì í sódò tòun ti bàtà òjò rẹ̀.

Mo ní, “Irọ́ ni. Kọ́nà jìnnà. Inú koríko ni ohùn yẹn ti ń jáde.”

Loveth ò bá mi jà. “Aunty, omi tutù, oòrùn sì ti mú afẹ́fẹ́ òkè gbóná. Ohùn ò lè gòkè lọ, orí omi ló máa gbà. Koríko yẹn á wá dá a padà. That's why ó dà bíi pé ibẹ̀ lẹni náà wà.”

“Mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.” Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fẹ́ kó kùnà lójú mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Oyèṣọlá bá Rahmon lọ sí Kọ́nà. Èmi àti Loveth dúró ní Ojú-Ìjà. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, Loveth fi fóònù sọ fún Oyèṣọlá pé kó pe orúkọ. Orúkọ Loveth ló kọ́kọ́ pè, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa kedere. Ọkàn mi ti ń wólẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì sómi, koríko náà ló máa dì mú.

Mo ní, “Sọ fún un kó pe tèmi. Diwúrà ni kó pè, kó má fi Aunty kankan sí i.”

Loveth wò mí, ó sọ ọ́ fún un.

“Diwúrà!” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Diwúrà o!”

Ìwọ̀n kan náà, ẹ̀gbẹ́ koríko kan náà. Bí kì í bá ṣe pé ohùn náà kì í ṣe ti Kọ́ládé, ǹ bá ní ọjọ́ náà ló tún padà dé. Loveth na ọrùn, ó kígbe, “A gbọ́ ẹ o!” Kíá ni Oyèṣọlá tún bọ́ sórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn: “Èmi náà gbọ́ ẹ! Láìfi fóònù, mo gbọ́ ẹ níbí!”

Nítorí náà, ká ní mo dáhùn lọ́jọ́ náà, Kọ́ládé á gbọ́ mi. Ká ní mo sọ pé “Mò ń bọ̀” péré, á ti mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Mo wa ọkọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn, Oyèṣọlá ní fídíò náà á jáde lọ́jọ́ Sátidé, òun kàn ń rò ó bóyá kí òun yọ ibi tí Mummy ti ń sọ̀rọ̀ kúrò, kí àwọn èèyàn má baà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní òun máa pè mí.

Màmá wà nídìí iná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹja tútù sórí asẹ́ ni. Kò jẹ́ kí n jókòó kó tó bèèrè.

“Kí ni wọ́n rí?”

Mo sọ ọ́ fún un, láti orí Súmbọ̀ dé orí pọ̀nmọ́, dé orí bí Oyèṣọlá ṣe pe orúkọ mi láti Kọ́nà. Kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń ṣú.

“Sọ fún wọn kí wọ́n má gbé e jáde.”

“Kí ló dé?”

“Àwọn àgbà ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ifákọ̀ kan ò lè wá fi ẹ̀rọ pa á rẹ́. Bẹ̀ wọ́n, Diwúrà. Tàbí kí o dá wọn lẹ́kun.”

Inú bí mi. Inú ti ń bí mi láti àárọ̀, n ò kàn rí ẹni tí mo máa kanra mọ́ ni. “Àwọn àgbà wo? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́! Màmá, ṣé ohun tí mo sọ yé yín? Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Kọ́ládé ló pè mí. Ó wà láàyè lórí èèkàn yẹn, ó ń pè mí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, mo sá. Èmi ni mo pa á.”

“Pa ẹnu rẹ mọ́.”

“Èmi ni mo pa á!” Fún ọdún méjì, kò jáde lẹ́nu mi rí, ìgbà tó wá jáde, n kò lè dá a dúró. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há.

Màmá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Òórùn ẹja tó ń jóná gba gbogbo àtíbàbà, kò sì yíjú sí i, Màmá tí kì í jẹ́ kí ìrù ẹja kan ṣoṣo dúdú.

“Ìwọ kọ́,” ló wí.

“Màmá, ẹ má rẹ̀ mí lẹ́kún.”

“Mi ò rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ẹ̀ẹ̀mejì tó pè ọ́ yẹn, kò dá ìwọ lójú pé òun ni. Ó dá èmi lójú.” Ó mí kanlẹ̀. “Nígbà tí o wọlé lọ sùn tán, ohùn rẹ̀ gba orí omi dé ìdí iná níbí, ó pe èmi. Kò pè mí ní Keziah, kò pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́ja bí àwọn ará etídò. Ó ní, ‘Màmá mi o.’ Bó ṣe máa ń pè mí nígbà tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pè mí. Ta ló máa yá ìyẹn lò? Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni. Mo dìde. Mo dé etí omi.”

Mo dúró kó parí rẹ̀.

“Mo ti sọ fún ọ pé o ṣe é re, Diwúrà. Kò tíì pé wákàtí kan. Bí mo bá dáhùn, tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, a jẹ́ pé ńṣe lo fi í sílẹ̀ sínú omi, èmi ni mo sì yìn ọ́ fún un. Mi ò lè gbà á. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo padà sídìí iná. Ó ń pè mí. Ó pè mí títí ẹja fi jinná.”

N kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí ìyá rẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n gbá a mú, ó tún ṣe mí bíi kí n máa gba ọ̀nà Ṣágámù lọ kí n má padà wá mọ́. Ọdún méjì ló fi jẹ́ kí n dá a gbé. Mo wò ó, ó ti kéré, eérú wà nínú irun rẹ̀. Mo ké bí ọmọ ọwọ́, n kò sì mọ ẹni tí mò ń ké fún nínú òun àti Kọ́ládé.

Fóònù mi dún. Oyèṣọlá ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀, mo kàn gbé e sétí.

“Aunty, mo kàn ní kí n bi yín ni. Ti Mummy yẹn, ṣé ká yọ ọ́?”

Ohùn rẹ̀ ròkè, Màmá gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni, díẹ̀ ló sì kù kí n má fún un. Mo fún un.

“Oyèṣọlá,” ló wí, “ẹ padà wá lọ́la, ẹ gbé kámẹ́rà dání. Àwọn ọmọ ṣì wà lórí odò yìí, wọ́n ṣì máa pe èèyàn. Èyí tí mo sọ fún yín lákọ̀ọ́kọ́, irọ́ ni. Ọmọ mi ló pè. Mo gbọ́ ọ.”